Ọwọ́ Mùnírátù Kì í Ṣì

Ilé tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń bọ́, ẹni náà ni ebi kọ́kọ́ ń pa níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nílé Magàjí Àbdùlkàrímù ní Dàda, ní Ìlọrin, lọ́dún tí àwọn òyìnbó ń to irin ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìhà Jẹ́bà. Alàmísì kan mọ́, gbogbo ilé ti fi àkàrà mu ẹ̀kọ, àwọn ọkùnrin ti nu ẹnu wọn, àwọn ọmọ kéwú ti ń ké lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n Mùnírátù, tí ìkòkò rẹ̀ ra àkàrà yẹn, kò tíì bu omi sẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Àsùbá ló ti wà lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé, tó ń fi òkúta kékeré kan dán ara àmù.

Àmù tí à ń wí yìí kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Àmù omi ni, tó ga tó ìbàdí àgbàlagbà, irú èyí tí omi inú rẹ̀ máa ń tutù nínnín lọ́sàn-án gangan. Akọ̀wé rélùwéè kan ló rí ọ̀kan lára ti Mùnírátù lọ́jà, ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó ní irú rẹ̀ ni òun fẹ́ fún àgọ́ àwọn lébìrà, kó pé ọgbọ̀n. Ó tún ní ọwọ́ tó mọ èyí ni kó mọ gbogbo rẹ̀, òun kò fẹ́ ọwọ́ méjì. Inú Magàjí dùn, ó gbà. Nígbà tí àwọn amọ̀kòkò ilé kejì wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá wọn pín nínú iṣẹ́ náà, kò dá wọn lóhùn. Ká má purọ́, orí Mùnírátù náà wú lọ́jọ́ náà. Kò sí amọ̀kòkò tí wọn ó yìn báyẹn tí orí rẹ̀ kò ní í wú.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì nìyẹn. Kò sí ọjọ́ kan nínú wọn tó jókòó láìṣiṣẹ́. Ó wa amọ̀, ó gún un, ó mọ ọ́n, ó dán an, ó sun ún, ó tún padà sídìí amọ̀. Ogún àmù ti jáde nínú iná, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mẹ́wàá ló kù lábẹ́ àtíbàbà, tí iná kò tíì kàn. Òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àtàláátà kò sì dá títí ilẹ̀ ọjọ́ Àlàrùba fi ṣú. Àwọn alárùú ń bọ̀ wá kó gbogbo rẹ̀ lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nílé Magàjí, wọn kì í sun ìkòkò lọ́jọ́ Jímọ̀. Àfi òní, tàbí kí ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí Mùnírátù bá mọ àmù kan tán, ó máa ń jókòó tì í díẹ̀, á máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn. Ní òru, á dìde lọ wò ó bóyá ó ti là níbì kan. Nísinsìnyí, bó bá ti parí ọ̀kan, ó ń yí ojú kúrò lára rẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ìkórìíra gan-an ì bá sàn. Kò sí nǹkan kan níbi tí ìfẹ́ yẹn wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ohun tí kò sí yìí sì ń bà á ju àárẹ̀ lọ.

Binta, orogún rẹ̀, gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti wàrà wá bá a. Ọmọ Fúlàní ni Binta, láti gáà kan, ibùdó àwọn darandaran, lẹ́yìn odi ìlú. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí Àdìsá, ọkọ wọn, gbé e níyàwó. Ó pọn Sàfúrátù, ọmọ ọdún mẹ́rin tí Mùnírátù bí. Nígbà tó sọ ọmọ náà kalẹ̀, ọmọ kò sáré bá ìyá rẹ̀. Ìró Binta ló dì mú.

"Ìyáalé mi, ẹ dákun, ẹ jẹun."

"Gbé e síbẹ̀."

"Ìgbà tí mo gbé ti àná síbẹ̀, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

Mùnírátù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gba abọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó bu ú mu lẹ́ẹ̀mejì ó dáwọ́ dúró. Binta bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbálẹ̀ ibí láàárọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ àwọn mẹ́wàá yìí ṣì tutù."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ ó wí fún wọn?"

"Mo ti ń wí fún wọn láti ọjọ́ yìí pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ ìyá mi lábúlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ni wọ́n wí?"

Binta mọ̀ pé wọn kò wí nǹkan kan.

Síbẹ̀, Mùnírátù dìde, ó fọ ọwọ́, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Magàjí jókòó lórí awọ àgbò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe òǹrorò. Ó máa ń ra bàtà fún ọmọ aláìníbaba, ó sì máa ń da omijé lójú bí wọ́n bá ń ṣe wáàsí. Àdìsá jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń ka tẹ̀súbáà. Àlùfáà ni Àdìsá, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú. Àwọn ọmọ náà kò lè sanwó, nítorí náà ìkòkò ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ kéwú.

Mùnírátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí iná dúró di Àtìnì. Kí n sùn. Ọjọ́ mẹ́ta péré, kí n sùn, màá parí rẹ̀."

Magàjí rẹ́rìn-ín ìfẹ́. "Ìyá Sàfúrátù, iṣẹ́ kì í pànìyàn. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Wo bí òyìnbó ṣe ń dárúkọ ilé yìí nítorí rẹ. Ọlọ́hun ló fi àlùbáríkà sí ọ lọ́wọ́, ṣé o fẹ́ ká ọwọ́ tí Ọlọ́hun là ni?"

"Rárá, Bàbá. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ta ni kò rẹ̀? Lọ́la ni yóò parí. Lẹ́yìn èyí, wàá sinmi títí."

Ó ti gbọ́ 'lẹ́yìn èyí' nígbà tí àmù pé mẹ́wàá. Ó tún gbọ́ ọ nígbà tó pé ogún. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Àdìsá ni ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn lè sọ ọ́ lójú oorun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àdìsá wà níbẹ̀, ó ń ka tẹ̀súbáà.

"Ṣe sùúrù, Ìyá Sàfúrátù," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ibẹ̀ ni Binta ti wọlé láìpè. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìyáalé rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ilẹ̀ abẹ́ àwọn àmù yẹn tutù. Bí ẹ bá dáná sí wọn lónìí, wọn ó fọ́ ni, kò ní í ku ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìyáalé mi sinmi, ẹ̀yin náà ẹ wo ojú rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Magàjí. "Ta ló kọ́ ọ ní amọ̀ mímọ ní gáà? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nílé yìí, ẹni tó mọ ìkòkò ló ń sọ bóyá ó gbẹ. Ẹlòmíràn kì í sọ ọ́." Ó yíjú sí Mùnírátù. "Bó bá di Àlàásàrì, wàá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé wọn bí a ti í ṣe. Bí o bá ní ó gbẹ, a ó dáná. Bí o bá ní kò gbẹ, kò burú: wàá fi ẹ̀yinná yí wọn ká, wàá jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wàá máa yí wọn. Ní ìdájí, a ó sun wọ́n. Ọlọ́hun yóò foríjì wá nítorí Jímọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Bó bá sọ òótọ́, òru mìíràn láìfojú kan oorun. Magàjí rò pé òun ti ṣe ìdájọ́ òdodo, ó sì ní kí wọ́n bu omi wá fún òun mu.

Títí di ọ̀sán ni àwọn obìnrin àdúgbò ń kó igi àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ jọ sí ojú iná. Bí wọ́n ti ń kó o ni wọ́n ń yin Mùnírátù. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò sí. Wọ́n ní kì í rẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ìyá rere ló bí i, wọ́n ní kí Ọlọ́hun fi irú rẹ̀ kẹ́ ọmọkùnrin àwọn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gba òkúta tó fi ń dán àmù lọ́wọ́ rẹ̀. Lami nìkan, obìnrin Gàmbàrí tó ń ta fùrá ní iwájú ilé, ló dúró tì í tó wò ó dáadáa.

"Mùnírá, ojú rẹ ti wọnú."

"Oòrùn ni."

"Oòrùn kọ́. Ẹṣin tó mọ eré sá ni wọ́n ń gùn pa. Èyí tó ń tiro, inú koríko ló máa ń wà." Ó bu fùrá fún un, kò gbowó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mùnírátù mu ún. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tí amọ̀ tutù wù ú fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn, kò rántí. Ẹ̀rù tún bà á. Bí obìnrin ọlọ́mọ bá jí lọ́jọ́ kan tí kò mọ ìdí tó fi ń gbé ọmọ jó, ta ni yóò sọ ọ́ fún? Bí ó bá sọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyí pé iṣẹ́ náà ti kú nínú òun, wọn ó ní ìmẹ́lẹ́ ni.

Wọ́n kírun Àlàásàrì tán, wọ́n péjọ sí ẹ̀yìnkùlé. Magàjí wá, Àdìsá wá, àwọn obìnrin to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Gbogbo amọ̀kòkò ló mọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Ọwọ́ amọ̀kòkò ti yi jù, ó lè purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í purọ́. Amọ̀ tó gbẹ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń tutù, bó ti wù kí ojú rẹ̀ funfun tó. Omi tó bá sì wà nínú amọ̀, bí iná bá mú un, ibi tí yóò gbà jáde ló ń wá.

Mùnírátù gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àmù kìíní. Ó tutù. Ó gbé e lé èkejì, ó tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta náà tutù. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹrin, kò tètè gbé ojú kúrò. Ojú rẹ̀ ti ń gbóná láti àárọ̀, ìtútù náà sì tù ú lára, ojú rẹ̀ pa dé. Kò mọ bó ti pẹ́ tó. Ohùn Magàjí ló jí i.

"Ìyá Sàfúrátù, a ń retí rẹ o. Ṣé ó gbẹ ni àbí kò gbẹ?"

Ó gbójú sókè. Binta ń wò ó láti ẹ̀yìn àwọn obìnrin. Ó ronú òru tó ń bọ̀, ẹ̀yinná, èéfín, àmù mẹ́wàá tí yóò máa yí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ronú ẹní rẹ̀ tó wà ní títẹ́ nínú yàrá.

"Ó gbẹ," ló wí.

Kò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan mẹ́fà tó kù. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí rẹ̀, àfi Binta. Binta sì tẹrí ba, kò fọhùn, nítorí wọ́n ti sọ fún un láàárọ̀ ohun tí ẹnu rẹ̀ wà fún.

Wọ́n to àwọn àmù, wọ́n fi igi bò wọ́n, wọ́n kó ìgbẹ́ màlúù lé e, wọ́n ṣáná. Mùnírátù wọlé, ó dùbúlẹ̀ tamọ̀tamọ̀. Oorun gbé e lọ kí ó tó na ẹsẹ̀ tán. Nínú oorun ló ti gbọ́ àkọ́kọ́ tó fọ́, ó dún gbì bí ìgbà tí odó wó. Ó mọ ohun tó jẹ́. Kí Ọlọ́hun foríjì í, àyà rẹ̀ kò já. Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó sùn lọ. Èkejì dún, ẹ̀kẹta dún, ó ń sùn. Ariwo ènìyàn ló tó jí i.

Nígbà tó jáde, iná ti túká. Kìkì àpáàdì ló wà nílẹ̀, dúdú àti pupa, èéfín ń rú láàárín wọn. Àmù mẹ́wàá, kò ku ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni àwọn ènìyàn ń wò. Wọ́n ti yí Binta ká, wọ́n tì í mọ́ ògiri, Sàfúrátù ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni obìnrin àgbà kan ń wí. "Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Àná kọ́, láàárọ̀ yìí ni," ni òmíràn wí. "Ìgbẹ́ màlúù tó wà nínú iná yẹn ńkọ́? Láti gáà bàbá rẹ̀ mà ni."

Magàjí nàka sí i. "Ojú mi ló ṣe sọ ọ́. Ó ní kò ní í ku ọ̀kan. Ẹ bá mi kà á, ṣé ó ku ọ̀kan?"

Mùnírátù fi èjìká là wọ́n kọjá, ó dúró níwájú orogún rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Wọn ò gbẹ. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé wọn, wọ́n tutù, mo mọ̀ pé wọ́n tutù. Mo ní wọ́n gbẹ torí kí n lè rí oorun sùn. Binta kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Òótọ́ ló sọ fún yín láàárọ̀."

Ó ti sọ ọ́. Ó ń retí kí wọ́n bú u, kí wọ́n ní ó ti ba ilé jẹ́, kí Magàjí ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n lé e. Láti ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì, kò sí ohun tó fẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin àgbà yẹn ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fi ara rẹ̀ bo orogún rẹ̀. Ọmọlúwàbí nìyí."

"Ẹni tó ṣe é níbi ló ń bò," ni ẹlòmíràn wí, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Mùnírátù wí. "Wàlláhì, èmi ni."

Àdìsá la ẹnu rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ nígbà yìí, òun tí kò là á gbèjà rẹ̀ láàárọ̀. "Ìyá Sàfúrátù, má fi orúkọ Ọlọ́hun búra lórí irọ́, bó ti wù kí àánú Binta ṣe ọ́ tó."

Magàjí gbé ọwọ́ lé e léjìká, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, a mọ̀ ọ́. Gbogbo Dàda mọ̀ ọ́. Ọwọ́ Mùnírátù kì í ṣì."

Kí ni èèyàn yóò tún sọ? Ìyìn tí wọ́n kó lé e lórí láti ọjọ́ yìí wá ti ga ju ohun tí òótọ́ lè fò kọjá lọ. Bí ó bá jẹ́ amọ̀kòkò lásán ni, wọn ì bá gbà á gbọ́, wọn ì bá bú u, ì bá sì lọ sinmi.

Wọ́n ní kí Binta máa padà sí gáà bàbá rẹ̀. Kí wọ́n tó pe Màgáríbì, ó ti di ẹrù rẹ̀. Kò sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e fún Mùnírátù. Ọmọ náà ta ìyá rẹ̀ nípàá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Binta, ó ń pe Binta ní ìyá. Àdìsá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wẹ ẹsẹ̀ àlùwàlá, ó pẹ́ lórí ẹsẹ̀ kan náà.

"Ìyáalé mi," ni Binta wí, "ṣé ẹ tiẹ̀ rí oorun náà sùn?"

Binta gbé ẹrù karí, ó gba ọ̀nà odi ìlú lọ. Lami tó ń palẹ̀ fùrá rẹ̀ mọ́ dìde fún un bó ti ń kọjá, ó sin ín dé ìkóríta, ó padà, kò sì kí ẹnikẹ́ni nílé Magàjí.

Magàjí ti rán ènìyàn sí akọ̀wé. Akọ̀wé ní kò burú, òun yóò mú ogún ná, kí wọ́n bá òun wá mẹ́wàá tó kù láàárín ọjọ́ méjìlá. Àwọn amọ̀kòkò ilé kejì tún wá, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká bá a ṣe márùn-ún. Magàjí ní lẹ́yìn ohun tí ojú òun rí lónìí, ọwọ́ àjèjì kò ní í kan iṣẹ́ yìí mọ́. Àwọn obìnrin bá lọ, wọ́n wa amọ̀, wọ́n gún un kúnná, wọ́n fi ìfẹ́ gbé e wá síwájú Mùnírátù, wọ́n sì tẹ́ àpò sílẹ̀ fún un kí orúnkún má baà dùn ún. Wọ́n ní kó kàn fọwọ́ bà á lálẹ́ yìí, kí ìbẹ̀rù má baà wọ ọwọ́ rẹ̀ lára.

Ó gbé ọmọ tó ń ké sílẹ̀, ó jókòó. Ó da amọ̀ bo ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó ń retí kó wọ́. Ó ń bẹ Ọlọ́hun nínú ara rẹ̀ pé kó wọ́, kó là, kó fẹ̀ síbì kan kó fẹ́lẹ́ síbì kan, kí àwọn èèyàn wọ̀nyí lè fojú ara wọn rí i pé kò sí ẹnì kankan mọ́ nídìí ọwọ́ náà.

Amọ̀ náà kò wọ́. Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀ fúnra rẹ̀, ìdí àmù náà sì yọ róbótó, ó tẹ́jú, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. Àwọn obìnrin pa àtẹ́wọ́. Mùnírátù wo ohun tó ṣe, kò sì rí nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Magàjí bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wọn bó ṣe nípọn tó, ó yọ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ ò rí i?" ló wí fún gbogbo ilé. "Ó ku mẹ́sàn-án."